Ìyá Oníjẹ́kí

Ẹ má bá mi sọ pé Ìyá Àgbà ti lọ sinmi. Mo ti gbọ́ ọ tó láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló ń sọ ọ́, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ó ti rẹ Àlájà, wọ́n ti lọ sinmi." Mi ò fẹ́ yájú sí àgbà, èmi á kàn bu omi fún wọn. Ìyá tí mo mọ̀ ò bẹ Ọlọ́hun fún ìsinmi rí. Ìsinmi gan-an ni wọ́n fi ìgbẹ̀yìn ayé wọn bá jà, ọmọ bíbí inú wọn ló sì wà ní òdì kejì ìjà náà. Wọ́n fẹ́ máa dáná nínú ilé ara wọn títí ẹ̀mí á fi bọ́. Àwọn ọmọ ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n jókòó. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí a bí wọn àti ìgbà tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà, ó wà lára kàlẹ́ńdà tí àwọn ẹbí tẹ̀ jáde, kó lọ kà á níbẹ̀.

Rábíátù lorúkọ wọn. Àdúgbò mọ̀ wọ́n sí Ìyá Sákà, nítorí Sákà ni àkọ́bí wọn, ẹni tí àwa ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Tánkẹ̀ torí pé àdúgbò Tánkẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí. Èmi ni Kúbúrà, ọmọ ọmọ wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, nínú agbo ilé kan lẹ́yìn Ọjà Tuntun ní Ìlọrin, nínú ilé tí ilé ìdáná rẹ̀ tóbi ju pálọ̀ lọ. Ìyá Àgbà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ṣe kúùkù ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìkòkò tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀ ló ti mọ́ wọn lára. Nígbà tí ọkọ wọn ń kọ́lé, tí bíríkìlà ń ráhùn pé ilé ìdáná yìí ti pọ̀ jù, pé kí ló wá kù fún pálọ̀, Ìyá Àgbà ní, "Ẹ gé pálọ̀ kù. Kò sẹ́ni tó ń jẹ àga."

Wọn kì í jókòó. Mi ò sọ àsọdùn o. Tí wọ́n bá kírun Àsùbá tán, orí ẹní náà ni wọ́n ti máa ń ro ohun tí a ó sè. Tẹ̀súbà á máa yí lọ́wọ́ wọn, wọ́n á dá a dúró díẹ̀: "Àníkẹ́, ẹ̀wà yẹn, ṣé o ti rẹ ẹ́?" Àníkẹ́ ni oríkì mi. Bí mo bá ti dáhùn, wọ́n á máa bá Súbúhánálláì wọn lọ. Nígbà tí Bàbá Tánkẹ̀ ra àga ńlá kan fún wọn, aláwọ rírọ̀, irú èyí tí èèyàn ń tẹ̀ tí ibi ìgbésẹ̀lé á jáde fúnra rẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jókòó sí i kí a lè ya fọ́tò. Ìgbà tí Bàbá Tánkẹ̀ fi máa padà wá, àga ti wà lójú oòrùn lẹ́yìnkùlé, ata rodo ló kún orí rẹ̀ bámú, ó ń gbẹ. Bàbá Tánkẹ̀ figbe ta, "Màmá! Àga yìí!" Ìyá Àgbà ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ó dáa gan-an, ọmọ mi. Adìyẹ ò lè dé orí ẹ̀."

Ata ni tiwọn. Dókítà sọ fún wọn nígbà kan pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru, kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n dín ata kù, kí wọ́n dín wàhálà kù. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́, wọ́n ń mi orí bí ọmọ ilé-kéwú. A jáde síta, wọ́n di ọwọ́ mi mú kí a lè sọdá títì, wọ́n ní, "Iyọ̀ yẹn, mo gbà. Ti ata, èmi àti dókítà ò tíì sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀."

Orí fóònù mi ni edé ti wá. Mo ń wo fídíò lọ́jọ́ kan, obìnrin ará Jàmáíkà kan ń dáná nílé rẹ̀, ìyá àgbà lòun náà, ó so gèlè mọ́rí. Edé tútù ńláńlá ló dà sínú abọ́. Ó lọ ata, ataalẹ̀, aáyù àti àlùbọ́sà eléwé pọ̀, ó da ewé táìmù sí i, ó wá ń fi ọwọ́ pa á mọ́ edé náà lára. Ìyá Àgbà ń kọjá lọ, wọ́n dúró. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. "Àníkẹ́! Ata rodo wa rèé! Ta ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni yìí?" Mo ní wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé pé láti apá ọ̀hún gan-an ni ata ti kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú bàbá wọn. "Kó tọ̀hún wá. Ibí ló ti kọ́ṣẹ́."

Wọ́n béèrè orúkọ oúnjẹ náà. Mo ní jẹ́ẹ̀kì ni, jerk tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò náà.

"Jẹ́kí?"

"Rárá, Ìyá Àgbà. Jẹ́ẹ̀kì."

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Jẹ́kí. Jẹ́ kí kí ni ó ṣẹlẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mo ní kì í ṣe èdè wa, àwọn ará Jàmáíkà ló ni ín. Wọ́n ní ó dáa, kí ló wá túmọ̀ sí lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín? Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n dá fóònù padà fún mi. "Tìẹ ò nítumọ̀, tèmi nítumọ̀. Jẹ́ kí ata wọ̀ ọ́ lára. Ṣé o ò rí i pé kò sáré gbé e kaná ni?"

Bí edé jẹ́kí ṣe wọ agbo ilé wa nìyẹn. Àṣìgbọ́ ni o, ṣùgbọ́n àṣìgbọ́ náà ló ṣètò bí a ṣe ń sè é. Obìnrin inú fóònù fi tirẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ni, ó ti gbé e kaná. Ìyá Àgbà ní orúkọ kì í ṣeré, tí wọ́n bá ti ní kí a jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́, a ó jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́ dáadáa. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń sè é. Wọ́n á la ẹ̀yìn edé, wọ́n á fa okùn dúdú inú rẹ̀ yọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á nù ún gbẹ, nítorí wọ́n ní ata kì í di ara olómi mú. Obìnrin náà fi èso dúdú kéékèèké kan sí tirẹ̀ tí a ò rí rà, kànáfùrù àti ìyèré díẹ̀ ni tiwọn. Igò kan tún wà tí ó da omi inú rẹ̀ sínú abọ́. Wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo kà á, ọtí ni. "Àstàgfírúláì! Pẹ̀lú gbogbo bí ó ṣe mọ ọbẹ̀ sè yìí!" Ọsàn wẹ́wẹ́ àti oyin ni wọ́n fi dípò ọtí. Wọn kì í sì fún ọsàn náà sí i àfi tí iná bá ti ràn, tí ó kù kí a dà á sínú páànù. Mo fún un sí i lóru ọjọ́ kan láìbéèrè, edé wá funfun, ó le gbandi kó tó fojú kan iná rárá. Wọ́n fi ìka tẹ ọ̀kan wò. "O ti sè é láìdáná. Wá máa jẹ ẹ́ ní ìwọ nìkan."

Edé tútù ò wọ́pọ̀ ní Ìlọrin, a jìnnà sí òkun. Ilé ẹja oníyìnyín kan ní àdúgbò Challenge la ti ń rà á, nínú páálí. Ọkùnrin tó ń tà á kì í fẹ́ rí wa. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní, "Àlájà, ó ti dì gbagidi, ẹ ò lè gbóòórùn kankan lára ẹ̀." Ìyá Àgbà mú ẹyọ kan, wọ́n di ọwọ́ mọ́ ọn, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ́wọ́ ọkùnrin náà títí yìnyín fi yọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé edé náà sí imú ara wọn, wọ́n wá nà án sí i. "Ìwọ náà gbóòórùn ẹ̀, kí o tó búra." Kò búra. Ó lọ ṣí páálí mìíràn.

Bàbá Àáfà, àbúrò ọkọ wọn, ni wọ́n máa ń bá jà jù nínú agbo ilé, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn. Ọjọ́ tí Bàbá Àáfà kọ́kọ́ rí edé náà pẹ̀lú orí àti irùngbọ̀n rẹ̀ nínú abọ́, ṣe ni wọ́n fò sẹ́yìn. "Súbúhánálláì! Kòkòrò ni! Ẹ wo iye ẹsẹ̀ ẹ̀! Ṣé Mùsùlùmí á máa jẹ irú èyí?"

"Ẹ̀fọ́ tí ẹ jẹ níbí lánàá, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ẹja ni."

"Ẹja àti kí ni?"

Edé gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná ló wà nínú ẹ̀fọ́ náà, Bàbá Àáfà sì mọ̀. Ìyá Àgbà gbé abọ́ sún mọ́ wọn. "Ẹ wá kí bàbá ẹni tí ẹ ti ń jẹ láti kékeré." Bàbá Àáfà bínú lọ sílé, wọ́n lọ ṣí kìtáábù wọn. Lẹ́yìn Àlàásárì wọ́n padà wá, wọ́n ní àwọn ti wò ó, ohun inú omi ni, hàláálì ni. Ìyá Àgbà ti bu tiwọn sọ́tọ̀, wọ́n ti fi àwo dé e.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé wọ́n ṣubú. Òróró ló dà sílẹ̀ nílé ìdáná, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n yọ̀, ọwọ́ òsì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ba Bàbá Tánkẹ̀ ju tèmi lọ. Wọ́n ti Tánkẹ̀ sáré dé, wọ́n rí báńdéèjì lọ́wọ́ ìyá wọn, wọ́n jáde lọ ra àgádágodo. Wọ́n ti ilé ìdáná, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, oúnjẹ á máa ti ilé àwọn wá nínú kúlà, àti pé lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ẹbí á pàdé láti fẹnu kò lórí bí Màmá yóò ṣe kó lọ sí Tánkẹ̀, kí a sì ti ilé náà pa. Mi ò sọ pé wọn ò fẹ́ràn ìyá wọn. Wọ́n fẹ́ràn wọn dé ibi pé wọn ò tiẹ̀ bi wọ́n léèrè.

Kúlà ń wá. Ìyá Àgbà ń ṣí i, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń dé e padà. Ìrẹsì inú rẹ̀ ò burú o, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ju òkèlè mélòó kan sẹ́nu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ohun tó já mi láyà jù nìyẹn, tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́ tí mo bá wọn lórí àga aláwọ yẹn, tí a ti gbé padà sí pálọ̀, tí ọwọ́ wọn wà lórí itan, tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Ọjọ́ kan mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rò. Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí àgádágodo náà. "Sákà ti tì mí mọ́ta, Àníkẹ́. Ó tì mí mọ́ta nínú ilé ara mi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n pè mí wọ yàrá. "Lọ sí Challenge, lọ ra edé. Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo ní, Ìyá Àgbà, níbo la ó ti sè é? Wọ́n ní, "Ṣé ibi tí a ó ti sè é ni mo bi ọ́ ni?" Mo lọ. Ọlọ tó wà lẹ́yìnkùlé ni mo fi lọ ata, èmi ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń sọ pé kò kúnná. Ọwọ́ ọ̀tún tó kù ni wọ́n fi pa á mọ́ edé lára, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé e sínú kúlà tí Bàbá Tánkẹ̀ fi ń gbé oúnjẹ wá, a da yìnyín yí i ká.

Lọ́jọ́ kejì ẹbí kún pálọ̀. Bàbá Tánkẹ̀ wà níbẹ̀, Àǹtí Sínábù àbúrò wọn wà níbẹ̀, Bàbá Àáfà ló ṣí ìpàdé pẹ̀lú àdúrà. Wọn ò pe Ìyá Àgbà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yóò ká wọn lára. Èmi àti Ìyá Àgbà gbé ìdáná èédú sí abẹ́ fèrèsé pálọ̀ gan-an, ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wọlé. A kọ́kọ́ da ata tó kù nínú abọ́ sórí páànù gbígbóná. Mo ń gbọ́ ohùn Bàbá Tánkẹ̀ láti inú: "Ohun tí gbogbo wa fẹ́ ni kí Màmá sin..." Wọn ò lè parí ẹ̀, ikọ́ gbà á. Bàbá Àáfà sín. Wọ́n tún sín. Àǹtí Sínábù ló kọ́kọ́ sáré jáde, wọ́n ń fi ìborùn nu ojú, gbogbo ìpàdé sì tẹ̀lé wọn bọ́ sí àgbàlá, wọ́n ń húkọ́, wọ́n ń pe Lá ìláà.

Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí kékeré, wọ́n ń fi fọ́ọ̀kì yí edé padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?" Bàbá Tánkẹ̀ ló béèrè.

"Mo wá sí ìpàdé. Ẹ ò pè mí, mo ní kí n pe ara mi."

"Màmá, ọwọ́ yín..."

"Sákà, tí o bá gbé mi dé Tánkẹ̀, kí ni màá máa ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ ó máa jẹun, Màmá. Ẹ ó máa sùn. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

"Ta ni á máa sè é?"

"Ọmọ-ọ̀dọ̀ wà."

"Ọmọ-ọ̀dọ̀ á sè é, èmi á jẹ ẹ́, mo tún sùn, mo tún jí, ó tún sè é. Irú èèyàn wo wá nìyẹn?" Wọ́n yí ẹyọ kan padà, ó ti ká, wọ́n gbé e sórí àwo. "Mo lè ṣubú lọ́la. Mo mọ̀. Ibi tí mo bá ti ń ṣe nǹkan ni mo fẹ́ ti ṣubú, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì ẹ. Mi ò bẹ̀ yín fún nǹkan kan rí, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n..."

Wọn ò parí gbólóhùn náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ páànù, wọ́n ń yí edé kan tó ti jiná padà. Mi ò gbọ́ kí wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni rí, àwọn ọmọ wọn náà ò gbọ́ ọ rí. Bàbá Àáfà ló kọ́kọ́ jókòó sí etí kànga àgbàlá. Wọ́n nawọ́ sí àwo, wọ́n mú edé kan, wọ́n jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú wọn. "Sákà, ṣí ilẹ̀kùn fún ìyá ẹ."

Bàbá Tánkẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, wọ́n nà án sí ìyá wọn. Ìyá Àgbà ò gbà á. "Ìwọ lo tì í. Ìwọ lọ ṣí i." Wọ́n sì lọ ṣí i. Kò pẹ́ tí Bàbá Tánkẹ̀ fi ní kí àwọn oníṣẹ́ tẹ́ rọ́bà sílẹ̀ ilé ìdáná, kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri. Ìyá Àgbà ń tẹ rọ́bà náà, ṣùgbọ́n irin yẹn, aṣọ ìnuwọ́ ni wọ́n ń sá sí i.

Wọ́n dáná títí. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Wọ́n pa edé jẹ́kí sílẹ̀ lẹ́yìn Mọ̀ngàríbì, wọ́n dé abọ́, wọ́n gbé e sínú fíríìjì, wọ́n bú mi nítorí ọ̀bẹ tí mi ò fọ̀, wọ́n lọ sùn. Nígbà tí mo lọ jí wọn fún Àsùbá, wọn ò dá mi lóhùn. A sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Àìlà lọ́jọ́ náà, bí a ti ń ṣe. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, kí Ó forí jìn wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì ilé kún. Oúnjẹ ń ti ilé àwọn aládùúgbò wá, bó ṣe yẹ, nítorí ilé òkú kọ́ ló ń dáná fún ara rẹ̀. Obìnrin kan nínú ẹbí, tí ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, ní, "Ká ní Àlájà gbà kí wọ́n lọ sí Tánkẹ̀ ni, kí wọ́n sinmi, bóyá wọn ì bá ṣì wà." Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní iṣẹ́ ló pa wọ́n. Mo wo Bàbá Tánkẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo dìde, mo wọ ilé ìdáná, mo ṣí fíríìjì.

Abọ́ náà wà níbẹ̀. Mo ṣí i, ipa ìka wọn ṣì wà lára ata. Mo ṣáná, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo gbé páànù kaná.

Àǹtí Sínábù yọjú. "Kúbúrà, ṣé orí ẹ pé ṣá? Nílé òkú? Pẹ̀lú gbogbo oúnjẹ tó wà nílẹ̀ yìí?"

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mi ò ní dà á nù."

"Kí làwọn èèyàn á sọ?"

"Kí wọ́n sọ ọ́."

Mo da edé sínú òróró. Ata náà gbéra, ó gba inú ilé kọjá, ó jáde sí àgbàlá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ikọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Àǹtí Sínábù ti lọ, Bàbá Tánkẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń wo páànù. Mo dúró de ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, mo ti ń pèsè èsì tèmi sílẹ̀, mo fẹ́ jà. Wọ́n wọlé, wọ́n gba fọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi yí edé kan padà.

Ẹnì kan pariwo láti àgbàlá, "Ta ló ń dáná nínú ilé yìí?"

Bàbá Tánkẹ̀ gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Màmá ni."